Ìdágbére Tí Stephanie Kọ́

Ẹ̀rín tí wọ́n rín Mùlíkàt lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe irú ẹ̀rín tó ń wá. Ó jáde síwájú ẹgbẹ́ eléré iléèwé wọn ní Oxon Hill láti dán ara rẹ̀ wò fún ipò ìyá arúgbó. Ó wé ìborùn ìyá rẹ̀, ó há báàgì mọ́ abíyá, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò dá lójú. Nígbà tó dé ibi tí ìyá arúgbó ti ń kí àtẹ̀gùn oníná ní pápákọ̀ òfurufú pé ẹ kú iṣẹ́ o, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó dúró díẹ̀ kí wọ́n lè rín in tẹ́rùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ojú ara wọn bí wọ́n ṣe ń rín in. Lukman, ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, ló là á mọ́lẹ̀.

"Stephanie ti ṣe eléyìí lánàá," ó wí. "Kí ló dé tó o fi ń dà á kọ?"

Mùlíkàt kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wo Stephanie, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà wọn, Mísìsì Bridget. Stephanie kò wo ojú rẹ̀. Okùn bàtà rẹ̀ ló ń tú, tó tún ń so, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé Mùlíkàt, ara rẹ̀ sì gbóná láti orí dé ẹsẹ̀.

Ohun gbogbo tí Stephanie ṣe lánàá yẹn, láti orí ìborùn títí dé àtẹ̀gùn oníná, ti Mùlíkàt ni. Kí n má purọ́, ti ìyá bàbá rẹ̀ ni. Màmá Mọ̀ríámọ̀ wá láti Ìbàdàn nígbà òtútù láti bá wọn tọ́jú Rayyan, àbúrò Mùlíkàt tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ pàdé rẹ̀ ni Mùlíkàt ti ń ṣọ́ ọ. Màmá kí àtẹ̀gùn. Màmá bẹ bẹ́líìtì inú ọkọ̀ pé kó rọra, kó má fún òun lọ́rùn. Gbogbo ibi tí iná pupa bá ti dá wọn dúró ni Màmá ti ń tú ìborùn rẹ̀ tó ń tún un wé, ó ní àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ń wo òun. Mùlíkàt kó gbogbo rẹ̀ sórí. Bí Stephanie bá tẹ̀ lé e wálé lẹ́yìn iléèwé, ó máa ń ṣe Màmá fún un nínú yàrá, Stephanie á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tún un ṣe," ni yóò wí, Mùlíkàt á sì tún un ṣe. Kò mọ̀ pé ṣe lòun ń fọwọ́ ara òun kó ẹrù òun fún olè.

Inú sinimá àtijọ́ kan ni wọ́n ti mú eré tí wọ́n ń múra rẹ̀. Mísìsì Bridget ló kó wọn lọ wò ó ní ilé sinimá kékeré kan ní Greenbelt. Kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí inú fi ń dùn wọ́n. Àwọn aláwàdà kan tí kò rí ojú kámẹ́rà rí kó sínú mọ́tò tó ti gbó, wọ́n dorí kọ ìwọ̀-oòrùn, ó di California, wọ́n fẹ́ lọ di gbajúmọ̀ òṣèré. Kò sí ìlú tí wọ́n dé tí wọn ò dáràn. Wọ́n purọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n jó fún oúnjẹ, méjì nínú wọn fẹ́ra, wọ́n sì kọra kí mọ́tò tó la aṣálẹ̀ já. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn mọ́tò náà tí kò bá wọn wá òkìkí kankan, oúnjẹ wọn ló ń ṣọ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ tán, àwọn tó ń ṣe sinimá lé gbogbo wọn padà, wọ́n sì fi dandan lé e pé ìyá arúgbó yìí làwọn fẹ́. Mùlíkàt ló dábàá pé bí wọ́n bá máa fi ṣe eré tiwọn, kí ìyá náà jẹ́ ará Nàìjíríà, gbogbo ẹgbẹ́ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ni pé obìnrin kan ń bọ̀ wá wo eré náà láti iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ òṣèré ní California. Ọmọ kan ṣoṣo ni yóò yàn, wọn ó sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo họ́lídè ìgbà ooru. Mùlíkàt ti lọ sí California lójú àlá kò lóǹkà. Bàbá rẹ̀, Ṣàmsúdéènì, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, tí kì í sì í tètè gbà fún ọmọ, ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá yàn án, òun kò ní dí i lọ́wọ́. Kò sí ohun míì tó ń rò ní gbogbo oṣù yẹn.

Stephanie ni wọ́n fún ní ipò ìyá arúgbó. Mùlíkàt ni wọ́n ní kó máa tọ́jú ẹrù eré, kó sì máa fa aṣọ tí wọ́n fi ń bo ojú ìtàgé. Mísìsì Bridget pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, èyí ló sì burú jù.

"Ẹ̀bùn wà lára rẹ," ó wí. "Nígbà míì, ohun tó jẹ́ tìrẹ ni kó o mú wá."

Mùlíkàt lè là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó lè ní, ẹ ká lọ sílé wa, ẹ wá wo obìnrin náà fúnra yín. Ó dákẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gba òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ gan-an ni pé bó bá rojọ́, wọ́n á bá wọn parí rẹ̀. Stephanie á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dì mọ́ra, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mùlíkàt kò fẹ́ kó tán. Ó fẹ́ kó dun Stephanie bó ṣe dun òun, kó jẹ́ lójú gbogbo ayé, kó má sì rí ibi sá sí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá Stephanie rẹ́rìn-ín. Òun ló ń bá a wé ìborùn nígbà ìgbáradì, tó ń fi pín-ìnnì gún ìborùn náà mọ́ ọn lórí, tó ń rò ó nínú ara rẹ̀ bí ì bá ṣe dára tó bí pín-ìnnì náà bá lè wọlé díẹ̀ sí i. Ó ń dúró de àyè. Àyè náà sì yọ, Stephanie fúnra rẹ̀ ló gbé e wá.

Mísìsì Bridget ló sọ pé ní òpin eré, nígbà tí wọ́n bá lé àwọn yòókù padà, kí ìyá arúgbó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó dágbére fún wọn ní èdè Yorùbá gidi. Stephanie kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Suitland, tó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà, òyìnbó ló ń sọ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Stephanie kò fẹ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fẹ́ kó bá a lójijì, kí inú bàbá náà lè dùn. Ó lọ bá Mùlíkàt, ó ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́ òun ní ìdágbére tó jinlẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbà ń sọ.

Ibi tí ọkàn Mùlíkàt lọ kò dáa rárá. Bàbá àgbà, ọkọ Màmá Mọ̀ríámọ̀, ti kú ní Ìbàdàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé ìgbélùú Ṣàmsúdéènì kò tíì jáde nígbà náà, kò lè lọ sin bàbá rẹ̀, ni wọ́n bá fi fídíò ìsìnkú náà ránṣẹ́ sí i. Gbogbo wọn ti wò ó títí. Nínú fídíò yìí, kí wọ́n tó gbé òkú jáde fún ìrun, Màmá kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e, ó ní, "Ẹ máa lọ o, ẹ má wẹ̀yìn wò. Àwọn tó ṣíwájú ti ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. A ò ní í ríra mọ́ àfi lójú àlá. Ó di gbére o, ó di gbére." Kò sí Yorùbá tó gbọ́ ọ tí kò ní í mọ irú ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. A kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ń mí.

Èyí ni Mùlíkàt kọ́ Stephanie.

"Kí ló túmọ̀ sí?" Stephanie béèrè.

"Ó dàbọ̀, ọ̀nà á dáa, a ó tún ríra láìpẹ́."

"Ó mà gùn jùyẹn lọ."

"Àwọn àgbà Yorùbá kì í kí èèyàn ní kúkúrú," Mùlíkàt dá a lóhùn, kò sì ṣẹ́jú.

Ẹ ò tíì rí tíṣà tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ lẹ́nu Stephanie, tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, tó ń ní kó fa ibí gùn, kó sì mú ọ̀hún wálẹ̀. Bó bá délé, á dùbúlẹ̀, á máa wo bí yóò ṣe rí. Á rí Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé tí yóò fò dìde níwájú àwọn ará ìjọ rẹ̀. Á gbọ́ bí àwọn ìyá yóò ṣe máa pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Á rí Stephanie tí ẹnu rẹ̀ yóò máa gbọ̀n láìmọ ohun tóun ṣe, lójú obìnrin tó ti California wá. Bó bá ti rí i dé ibẹ̀, oorun á gbé e lọ, á sì sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yìí, Stephanie ní, "Mùlíkàt, nípa ìdánwò ọjọ́sí..." Mùlíkàt mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó rí i lójú rẹ̀. Kò sì fẹ́ gbọ́ ọ, torí bí Stephanie bá bẹ̀bẹ̀ báyìí, gbogbo ètò òun bàjẹ́ nìyẹn. "Kí ló kàn wá kan ìdánwò?" ó yára wí. "Tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni eré náà bọ́ sí. Gbọ̀ngàn iléèwé kún. Mùlíkàt ń yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé, ó ń ka àwọn tó fẹ́ kí ó ṣojú wọn. Obìnrin California náà wà ní àárín pẹ̀lú gíláàsì lójú. Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú àwọn ará ìjọ rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí. Bàbá rẹ̀ wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé Rayyan, wọ́n sì di Màmá Mọ̀ríámọ̀ lọ́wọ́ mú láàárín. Wọ́n ti sọ fún Mùlíkàt nílé pé Màmá kò ní í wá, pé ẹrù ló ń dì, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń padà sí Ìbàdàn. Wọ́n wá jókòó síwájú, lórí àwọn àga tí ẹnì kan ti fi aṣọ gbà sílẹ̀ dè wọ́n.

Mùlíkàt mọ̀ pé Màmá á mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bó ti wù kí ìyá arúgbó gbàgbé nǹkan tó, kò ní í gbàgbé ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ. Àyè ṣì wà. Stephanie dúró tì í níbẹ̀, pẹ̀lú ìborùn lórí, ó ń retí kí ó bá a gún pín-ìnnì tó kù. Kò ju kí ó sọ fún un pé kó gbàgbé èyí tó gùn yẹn, kó kàn sọ pé ó dàbọ̀, kí nǹkan sì tán síbẹ̀. Mùlíkàt ti la ẹnu. Ni Mísìsì Bridget bá kọjá, ó gbá Stephanie lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, "Ìwọ nìkan lo lè ronú kan irú ìyá arúgbó báyìí." Stephanie rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sọ pé kì í ṣe òun. Mùlíkàt pa ẹnu rẹ̀ dé, ó gún pín-ìnnì náà, ó sì lọ di okùn aṣọ ìtàgé mú.

Eré náà dùn. Kí n má fi ti ìbínú pa òótọ́ mọ́lẹ̀, Stephanie mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kí àtẹ̀gùn, gbọ̀ngàn mì. Ó bẹ bẹ́líìtì, àwọn èèyàn ń lu orúnkún ara wọn. Màmá Mọ̀ríámọ̀ fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹni tó jókòó tì í pé, "Èmi nìyẹn, ẹ wò mí, èmi nìyẹn." Gbogbo ẹ̀rín yẹn ló ń wọ inú Mùlíkàt bí abẹ́rẹ́, torí òun ló yẹ kí wọ́n máa rín in fún. Ó di okùn mú gírígírí, ó ń dúró de òpin.

Òpin dé. Wọ́n lé àwọn aláwàdà padà, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n tò. Ìyá arúgbó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n dípò kó kọjú sí wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà ìgbáradì, Stephanie yíjú sí àwọn òǹwòran, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé. Bàbá rẹ̀ ló ń lọ bá, Mùlíkàt rò ó, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín síta. Èyí tún dára ju ohun tí òun gbèrò lọ. Stephanie dé iwájú Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé, ó sì kọjá rẹ̀.

Iwájú Màmá Mọ̀ríámọ̀ ló kúnlẹ̀ sí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mùlíkàt fẹ́ fa okùn kí aṣọ wálẹ̀, kò sì fà á. Stephanie sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ketekete bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó fa ibi tó yẹ gùn, ó mú ibi tó yẹ wálẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má wẹ̀yìn wò. Ó ní àwọn tó ṣíwájú ti ń dúró dè wọ́n. Ó sọ ọ́ títí ó fi dé gbére àkọ́kọ́ àti gbére kejì.

Àwọn Amẹ́ríkà rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Láàárín àwọn ará ìjọ, ẹnì kan ní, "A-à, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ṣàmsúdéènì fẹ́ dìde, ìyàwó rẹ̀ fà á jókòó. Ẹ̀rín ti kú lójú Màmá. Ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ tó mọ́, tó ń retí kí inú Màmá dùn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó sì wo etí aṣọ ìtàgé níbi tí Mùlíkàt dúró sí. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹnikẹ́ni, tààrà ni ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Màmá fọwọ́ ti èjìká Stephanie, ó dìde. Ó dúró pẹ́ díẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé òun dúró. Ó ní, "Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ń lọ." Ó fà á mọ́ra. Ni àtẹ́wọ́ bá gba gbogbo gbọ̀ngàn, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Obìnrin California náà ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú. Kí àwọn èèyàn tó túká ló ti sọ fún Mísìsì Bridget pé òun ti rí ẹni tóun máa mú lọ, pé òun kò rí irú òpin eré bẹ́ẹ̀ rí. Bí Mùlíkàt ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé California fún Stephanie nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé kò bá wọn pàtẹ́wọ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá síwájú àwọn òbí Mùlíkàt, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ń tọrọ àforíjì, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ òkú. Ẹnu Stephanie ń gbọ̀n gẹ́lẹ́ bí Mùlíkàt ṣe rí i tẹ́lẹ̀. Ó wo Mùlíkàt, tó ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Kí ó tó sọ nǹkan kan, Màmá gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ọ̀rọ̀ mi ni," Màmá wí. "Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀, bàbá."

Irọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ó tán lójú àwọn ará ìta nìyẹn, ṣùgbọ́n kò tán nílé. Nínú ọkọ̀, iná pupa dá wọn dúró níbi púpọ̀, Màmá kò tú ìborùn rẹ̀ wé. Nígbà tí wọ́n délé, Ṣàmsúdéènì bá Mùlíkàt wí títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì gba ìlérí California tó ṣe fún un padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́. Màmá kò bá a wí rárá. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe. Láti ọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà, oríkì Mùlíkàt ló ń pè é, Àyọ̀ká. Àyọ̀ká bá mi mú omi, Àyọ̀ká ṣé o ti jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Mùlíkàt," ni yóò wí, bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ tí Màmá ń lọ, wọ́n gbé ẹrù jáde sínú ọkọ̀. Mùlíkàt wọ bàtà, ó fẹ́ bá wọn dé pápákọ̀ òfurufú. Bàbá rẹ̀ ní kò sí àyè. Mùlíkàt kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, ó dàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn."

Màmá ń wé ìborùn rẹ̀. Ó wé e tán kó tó dáhùn.

"O ti kí mi," ó wí. "Èyí tó o fi rán ọ̀rẹ́ rẹ dé etí mi. Ṣé o fẹ́ kí n gba ìdágbére méjì ni?"

Ó rọra kọjá lára rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀.

Mùlíkàt lọ bá Stephanie ní ọjọ́ kejì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láì dá ìkankan sí, láti orí fídíò títí dé orí okùn aṣọ ìtàgé. Stephanie gbọ́ ọ tán. Ó ní òótọ́ ni, òun jí iṣẹ́ rẹ̀, òun sì ti mọ̀ ọ́n lára láti ọjọ́ náà wá. Ó ní òun ló lọ bẹ ìyá Mùlíkàt pé kó mú Màmá wá, òun ló gba àga sílẹ̀ dè wọ́n, torí òun fẹ́ bọlá fún ìyá náà lójú gbogbo ènìyàn, kí Mùlíkàt lè mọ̀ pé òun mọ ẹni tó ni eré tóun ṣe. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "O ò jẹ́ kí n sọ." Ó ṣílẹ̀kùn ilé wọn fún un láti jáde. Nígbà tí họ́lídè dé, Stephanie dorí kọ ìwọ̀-oòrùn, kò sì dágbére fún un.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, mi ò sọ pé kí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá rẹ́ yín jẹ. Stephanie ṣe ohun tó burú, Mùlíkàt sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹnu ló yẹ kó fi jà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, níwájú tíṣà tó lè dá ẹjọ́ náà. Ó gbé ìbínú náà pamọ́, ó ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, ó sì ń dá gbogbo ohun tó lè tán an lẹ́kun. Ẹni tó bá rán ẹ̀san jáde kò lè sọ fún un ibi tó máa yà sí. Ti Mùlíkàt kọjá lára ọ̀tá, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Màmá Mọ̀ríámọ̀ dé Ìbàdàn láyọ̀, ara rẹ̀ sì le. Bó bá pè lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, gbogbo wọn ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Mùlíkàt á gba fóònù, á kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ìyá náà ń rí i, á kí i, á sì máa retí orúkọ kan. Ìyá náà á bi í nípa ìwé rẹ̀ àti nípa Rayyan. Lẹ́yìn náà, á ní, "Ó dáa, Mùlíkàt. Gbé fóònù fún bàbá rẹ."